Màmá Agnes Da Kán-ún Sínú Púùlù Ọkọ Ọmọ Rẹ̀

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n gbé e wá. Kẹ́ẹ̀gì méjì ni. Omi inú ọ̀kan mọ́ gaara, omi inú èkejì funfun bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Olóyè Olúgbémiga, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì jẹ́ àgbà nínú ìgbìmọ̀, tẹ̀ síwájú, ó wo èkejì dáadáa, ó sì béèrè bóyá ṣúgà ti wà nínú rẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ mú un wá.

"Ẹ má mu ún o, bàbá," ni olùpẹ̀jọ́ wí. "Ẹ̀rí ni."

Ààfin tí mo ń wí yìí kì í ṣe ààfin ọba. Ilé Olóyè Adélaní ni, lójú ọ̀nà Ìlú-Àbò ní Àkúrẹ́, níbi tí àwa ará àdúgbò ti ń gba ìdájọ́ kí a tó ronú àgọ́ ọlọ́pàá. Àga Olóyè ga ju àga gbogbo wa lọ, ìyẹn la ṣe ń pe ilé náà ní ààfin.

Olùpẹ̀jọ́ ni Bọ́láwálé Akíntóyè, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Màmá Agnes, ìyá ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé ka orúkọ méjèèjì tán, a wo ara wa lójú. A ti rí ẹni tó pe aládùúgbò lẹ́jọ́ nítorí ewúrẹ́. A ti rí ẹni tó pe ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́jọ́ nítorí ariwo. Ẹni tó pe ìyá ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́, a kò rí irú rẹ̀ rí.

Olóyè ní kí Bọ́láwálé kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún olùjẹ́jọ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Màmá Agnes ní kí ó dìde, pé yóò jẹun ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Bọ́láwálé lọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní púùlù. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń fi iyọ̀ náà ṣe oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi. Ohun tó ń fẹ́ àbójútó jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pH. Bí omi bá kan jù, yóò máa jẹ irin, ojú yóò sì máa ta ẹni tó bá wẹ̀ níbẹ̀. Bí kò bá kan tó, omi yóò ṣú, ẹfun yóò sì gbá mọ́ inú ẹ̀rọ. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí èèyàn ń tì bọ omi. Àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, àwọ̀ yẹn ni yóò sì sọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó dára fún púùlù ni méje àbọ̀.

"Méje àbọ̀ nínú mélòó?" ni Olóyè Olúgbémiga béèrè.

"Nínú mẹ́rìnlá, sà."

"Ó yege," ni Olóyè Olúgbémiga wí, "àmọ́ kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi yangàn."

Bọ́láwálé ní kì í ṣe máàkì. Olóyè Olúgbémiga ní ọdún márùndínlógójì ni òun fi fún ọmọ ní máàkì, pé ọmọ àná kan kò ní wá kọ́ òun ní ohun tí máàkì jẹ́.

Bọ́láwálé gbé e mì, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀, Oyèbọ́lá, bímọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Màmá Agnes wá láti Oǹdó láti wá bá wọn wẹ ọmọ, bí àwọn ìyá ti ń ṣe, ogójì ọjọ́ ló sì yẹ kó lò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Màmá da odidi àpò kán-ún kan sínú púùlù. Omi tó mọ́ bí ti kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ di funfun bí ti èkejì. Ẹ̀rọ kùn títí, ó tan iná pupa, ó dákẹ́. Nọ́ńbà gun dé mẹ́sàn-án.

"Kí lo wá fẹ́ kí ààfin ṣe?" ni Olóyè Adélaní béèrè.

"Kí Màmá padà sí Oǹdó, sà." Kò wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. "Mo ti bá wọn wá mọ́tò."

Oyèbọ́lá gbé ọmọ láti èjìká kan sí èkejì. Moyinolúwa ni orúkọ ọmọ náà, ọkùnrin ni. Ojú ìyá rẹ̀ pọ́n, ó hàn pé kò rí oorun sùn. Àkọ́bí rẹ̀ nìyí, kò sì tíì wẹ̀ ẹ́ rí. Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sọ fún mi ní ìloro pé ọrùn ọmọ náà ń ba òun lẹ́rù, pé ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ìyá òun bá lọ, ó ní òun kò mọ ọwọ́ tí òun máa fi mú un.

Wọ́n pe Màmá Agnes. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúró ṣinṣin. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi dáná ní ilé-ìwé kan tí àwọn ọmọ ti ń gbé, ní Oǹdó. Ó ti di ẹrù rẹ̀ wá sí ààfin, orí àpò ẹrù náà ló sì jókòó lé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i sọ pé wọ́n lé òun.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ da kán-ún sí omi?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fi bébà rẹ̀ ṣe nínú ọbẹ̀ mi."

Olóyè yíjú sí Bọ́láwálé. Bọ́láwálé ní kò sí nǹkan kan. Màmá ní ṣé nǹkan yẹn ló ń pè ní kò sí nǹkan kan. Ó wá ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí ọmọ tuntun. Ó gún iyán, ó se ọbẹ̀ ata tó kún fún ẹja. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n gbàdúrà sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè, ọkọ ọmọ rẹ̀ fa bébà yọ lápò, ó tì í bọ inú ọbẹ̀, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ó ní márùn-ún," ni Màmá wí. "Níwájú pásítọ̀. Mo bi í pé márùn-ún nínú mélòó, ó ní nínú mẹ́rìnlá."

Olóyè Olúgbémiga mi orí. "Ìyẹn ò yege."

"Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ tí mo bọ́ ti di dókítà, òmíràn ti di adájọ́. Kò sí èyí tó fún mi ní márùn-ún rí."

Ibí yìí ni inú ti bí i dé góńgó, ó sì bọ́ sínú èdè Oǹdó pátápátá. Àwa ará Àkúrẹ́ ń gbọ́ ìdajì, a sì ń fojú wo ìdajì kejì lójú rẹ̀. Oyèbọ́lá túmọ̀ díẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Ó ní èyí tó kù kò ṣe é túmọ̀ níwájú ọmọ jòjòló.

Bọ́láwálé ní òun kò sọ pé ọbẹ̀ kò dùn. Ó ní òun jẹ ẹ́, òun sì tún bù kún un. Ó ní ó kàn wu òun láti mọ̀ ni, nítorí kò sí ohun tí òun kò tíì yẹ̀ wò láti ìgbà tí òun ti ra bébà náà: tíì, omi kànga, omi ọṣẹ, títí kan ẹmu tí bàbá òun gbé wá láti oko.

"Mélòó ni bàbá rẹ gbà?" ni Olóyè Olúgbémiga béèrè.

"Bàbá mi kọ́, sà. Ẹmu ni. Mẹ́rin."

"Ìdílé yín ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé."

Olóyè Adélaní ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà sórí púùlù. Ó bi Màmá pé bí ọkọ ọmọ rẹ̀ bá tilẹ̀ wọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ṣé omi ló yẹ kó fìyà jẹ.

Màmá ní òun kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, òun jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ òun, òun ń ronú. Òun wá bu kán-ún kékeré sí i, bí èèyàn ti ń ṣe bí tòmátò bá kan jù. Òun yọ bébà kan nínú páálí ọkọ ọmọ òun, òun tì í bọ ọ́. Ó di méje. Ó ní bí òun ṣe mọ̀ nìyẹn pé kán-ún ni bébà yẹn ń fẹ́.

"Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo rí i tó lóṣòó létí omi pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó ń mi orí. Ó ní kò rí bí òun ṣe fẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Òótọ́ ni pé ó já mi kulẹ̀ níwájú pásítọ̀, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ ọmọ mi ni. Mi ò lè máa wò ó kó máa fìdí rẹmi."

"Nítorí náà ẹ ràn án lọ́wọ́."

"Méje àbọ̀ ló ní òun wà. Mo gbé e dé mẹ́sàn-án. Ó sì gbé mi wá sílé ẹjọ́."

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo Bọ́láwálé bí aláìmoore. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé pé mẹ́sàn-án kò dára ju méje àbọ̀ lọ. Olóyè Olúgbémiga ní ó pẹ́ tí òun ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ tí kò fẹ́ kàwé.

Olóyè béèrè bí Màmá ṣe mọ ìwọ̀n kán-ún tó yẹ kí ó dà sí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Màmá ní òun fi ẹsẹ̀ wọn òró àti ìbú púùlù náà, òun sì ro bí ìkòkò ilé-ìwé yóò ṣe jẹ́ mélòó nínú rẹ̀. Irínwó ìkòkò ni. Ìkòkò kan, kán-ún kan tó tó àtàǹpàkò. Irínwó àtàǹpàkò kán-ún, àpò kan ni. Olóyè Olúgbémiga gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ṣe é ní ìṣirò, ó sì sọ fún gbogbo ilé pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni Hameedat, tó ń ta ata àti kán-ún ní oríta. Ó ní òótọ́ ni pé Màmá ra àpò kan lọ́wọ́ òun. Ó ní Màmá sọ fún òun pé ẹ̀wà ni òun fẹ́ fi sè.

"Irọ́ ni," ni Màmá wí. "Púùlù ni mo sọ fún un."

"Ẹ̀wà ló sọ."

"Hameedat," ni Bọ́láwálé wí, "ṣé kì í ṣe ìwọ lo bá wọn gbé àpò náà dé etí omi?"

"Èmi ni."

"O wá rò pé inú púùlù ni wọ́n ti fẹ́ se ẹ̀wà?"

"Mo rò pé ẹ̀wà náà ló pọ̀."

Wọ́n bi í bóyá ó rí i nígbà tí Màmá ń da kán-ún náà. Ó ní rárá, pé òun kò wọ inú ọgbà náà rí. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe wá gbé àpò dé etí omi. Ó ronú. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò wọlé, ọwọ́ òun ló wọlé. Akọ̀wé béèrè bóyá kí òun kọ ìyẹn sílẹ̀. Olóyè ní kí ó kọ ọ́. Hameedat tún fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, pé ọmọrogùn tí wọ́n fi ro omi náà kéré jù, àfi kí ẹni méjì máa rò ó láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Ọmọ́níyì, ọ̀dọ́kùnrin ará Ìlárá-Mọ̀kín tó ń bá Bọ́láwálé tún ẹ̀rọ púùlù ṣe. Òun ló mọ iṣẹ́ náà, òun ló sì yé wa jù. Ó ní ẹfun tó wà nínú omi tẹ́lẹ̀, tí ojú kò rí, kán-ún ló lé e jáde. Òun ló sọ omi di funfun, òun náà ló sì gbá mọ́ inú ẹ̀rọ bí ó ti ń gbá mọ́ ìdí kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì. Ó ní ásíìdì díẹ̀díẹ̀ ni yóò mú un kúrò, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Inú Bọ́láwálé dùn. Ó ní kí Ọmọ́níyì sọ fún ilé ẹjọ́ iye tí omi náà wà kí kán-ún tó dé.

"Ó ti kọjá mẹ́jọ, sà."

"Méje àbọ̀."

"Ó ti kọjá mẹ́jọ, ọ̀gá. Omi iyọ̀ a máa gun fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn la ṣe ń fi ásíìdì díẹ̀ mú un wálẹ̀. Ẹ kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí ìyàwó yín ti bímọ. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ọmọ́níyì, ta ló pè ọ́ wá jẹ́rìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Olóyè Olúgbémiga ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, máàkì tí Màmá fi kún un kò tó ẹyọ kan, òun sì gba díẹ̀ padà nínú ìyìn tí òun ti yìn ín. Ṣùgbọ́n Bọ́láwálé ni gbogbo wa ń wò. Ó ti tẹ orí ba.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ tí o fi gbàgbé omi rẹ?" ni Olóyè béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Bọ́láwálé gbé orí sókè. "N kò gbàgbé rẹ̀, sà. Mo ń ti bébà bọ ọ́ lójoojúmọ́. Nǹkan mìíràn ni kò jẹ́ kí ọwọ́ mi ká iṣẹ́. Bí mo bá wọ yàrá, wọ́n á ní kí n jáde, wọ́n ń wẹ ọmọ. Bí mo bá wọ kíṣíìnì, wọ́n á ní kí n jáde, wọ́n ń se omi ọmọ. Mo bi Màmá pé ṣé ọmọ sùn, wọ́n ní kí ló kan ọkùnrin. Nínú ilé mi, bébà yẹn nìkan ni mo bi ní ìbéèrè tó dá mi lóhùn."

Oyèbọ́lá wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Olóyè ní ó dára. Ó ní bí Màmá bá lọ sí Oǹdó lónìí, ta ni yóò wẹ ọmọ lálẹ́.

"Èmi ni," ni Bọ́láwálé wí. "Mo ti kà nípa rẹ̀."

"Ẹ gbé omi wá," ni Olóyè wí.

Wọ́n gbé bàsíà wá, àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ, kànrìnkàn tó múlọ́múlọ́, àga àpótí kan. Olóyè pàṣẹ pé Màmá kò gbọdọ̀ dìde lórí ẹrù rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Bọ́láwálé ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fa bébà yọ, ó tì í bọ omi ìwẹ̀. Ó ka oókan dé ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní méje. Nígbà tó máa fi kà á tán, omi ti tutù. Wọ́n bu omi gbígbóná sí i. Ó tún fa bébà mìíràn yọ.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Bọ́láwálé gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀yìn rẹ̀, bébà ṣì wà ní ọwọ́ kejì, orí ọmọ sì yẹ̀ sẹ́yìn. Oyèbọ́lá fi ìborùn bo ojú. Màmá kò sọ̀rọ̀, torí pé ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó sì di ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀ mú. Bọ́láwálé rí i. Ó sọ bébà náà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn ọrùn ọmọ mú. Màmá na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú níbi tó jókòó sí. Bọ́láwálé jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ó tẹ́ ọmọ lé e. Màmá bu omi tí kò sí, ó dà á sí àyà ọmọ tí kò sí. Bọ́láwálé bu omi, ó dà á. Màmá yí ọwọ́ kékeré lábẹ́ abíyá. Bọ́láwálé yí i. Igbe ọmọ rọlẹ̀, ó di ìkùnsínú, ó di èémí. Mo wo Oyèbọ́lá, mo rí i pé ó ti ṣí ìborùn kúrò lójú, ọwọ́ tirẹ̀ náà ń tẹ̀ lé ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí itan rẹ̀.

Ọmọ náà wá tọ̀ sí bàbá rẹ̀ láyà. Ọwọ́ Bọ́láwálé lọ sí àpò níbi tí páálí bébà wà. Olóyè wúkọ́. Ó yọ ọwọ́ kúrò.

Ìgbìmọ̀ forí korí, kò pẹ́. Olóyè Adélaní dìde, ó sì ka ìdájọ́.

Ó ní Màmá Agnes kò ní padà sí Oǹdó lónìí, kò sì ní padà ní ogójì ọjọ́. Yóò wà ní Àkúrẹ́ títí di ọjọ́ tí Moyinolúwa bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé omi ìwẹ̀ yìí gbóná tàbí ó tutù. Láàárọ̀, Bọ́láwálé ni yóò wẹ ọmọ. Lálẹ́, Oyèbọ́lá ni yóò wẹ̀ ẹ́. Màmá yóò jókòó tì wọ́n, yóò máa fi ọwọ́ lásán kọ́ wọn, kò sì ní lé bàbá ọmọ jáde ní yàrá mọ́. Kán-ún kò gbọdọ̀ jáde ní kíṣíìnì. Bébà kò gbọdọ̀ wọ kíṣíìnì. Ọmọ́níyì yóò máa da ásíìdì sí púùlù díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi mọ́. Ní ti Hameedat, ọwọ́ rẹ̀ tó wọlé yóò padà wọlé lọ́la pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì láti fọ ẹfun ara ògiri púùlù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dúró síta bí ó bá fẹ́.

"Ó ku ọ̀rọ̀ ọbẹ̀," ni Olóyè wí. "Ní orúkọ ààfin yìí, láti òní lọ, ọbẹ̀ Màmá Agnes gba mẹ́rìnlá nínú mẹ́rìnlá."

Olóyè Olúgbémiga pàtẹ́wọ́. Ọmọ́níyì na ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé ohun tó bá pé mẹ́rìnlá lè bó ọ̀nà ọ̀fun èèyàn. Olóyè ní ìdájọ́ ti jáde. Ó bi Bọ́láwálé bóyá ó fara mọ́ ọn.

Bọ́láwálé gbé ọmọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tó rẹ, kò sì tètè gbé orí sókè.

"Mẹ́rìnlá ni, Màmá."

Màmá Agnes wò ó. Ó dìde kúrò lórí ẹrù rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti àpò náà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó bá òun gbé e.

"Kí lo fẹ́ jẹ lálẹ́?" ni ó béèrè.